Òkúta Tí Kò Ní Orúkọ: Ìbẹ̀wò Wa sí Mùsíọ́mù Èsìẹ́



Bí ará Ìlọrin kan bá lọ sí London tí ó sì padà dé, ọ̀kan nínú àwòrán tí yóò kọ́kọ́ fi hàn wá ni èyí tí ó yà níwájú ilé ńlá olópòó òkúta tí wọ́n ń pè ní British Museum. Kò burú. Láti ọdún 1759 ni ilé náà ti ń gba àlejò, wọn kì í sì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ó bá fẹ́ wọlé wo àwọn ìṣúra tí ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá bi arìnrìn-àjò wa yìí pé, “Ǹjẹ́ ẹ ti dé mùsíọ́mù Èsìẹ́ rí?”, ẹ̀rín ni yóò fi dá wa lóhùn. Bẹ́ẹ̀ ni Èsìẹ́ kò jìnnà sí wa. Ní ìpínlẹ̀ Kwara wa yìí ni ó wà, láàárín àwọn Ìgbómìnà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Irẹ́pọ̀dùn. Òun sì ni mùsíọ́mù àkọ́kọ́ ní gbogbo orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Ọdún 1945 ni wọ́n dá a sílẹ̀.

Èyí ni ó mú kí a kó àwọn ọ̀dọ́ ìjọ àti díẹ̀ nínú àwọn òbí wọn lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé kan.

Ṣé ilé òrìṣà ni?

Kí a tó gbéra, ìyá kan fà wá sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní, “Pásítọ̀, ẹ má bínú o. Ṣé kì í ṣe ilé òrìṣà ni ẹ fẹ́ kó àwọn ọmọ wa lọ yẹn?”

A kò bá a wí, nítorí pé ìbéèrè rẹ̀ ní ìdí. Òtítọ́ ni pé ère ni ó wà níbẹ̀. Òtítọ́ sì ni pé àwọn ará ìlú a máa bọ wọ́n láyé àtijọ́, wọn a sì máa ṣe ọdún fún wọn. Ṣùgbọ́n a rán an létí Pọ́ọ̀lù ní ìlú Áténì, nínú Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí 17. Pọ́ọ̀lù rìn yí ìlú náà ká, ó wo ohun tí wọ́n ń sìn, ó tilẹ̀ ka àkọlé tí ó wà lára pẹpẹ wọn. Kò wólẹ̀ fún un, kò sì di ojú rẹ̀. Láti ibi ohun tí ó rí náà ni ó ti rí ọ̀rọ̀ bá wọn sọ. Ọ̀tọ̀ ni wíwò, ọ̀tọ̀ ni bíbọ.

A tún sọ ohun kan fún un tí ó yà á lẹ́nu. Òṣìṣẹ́ ìjọ ni ó ròyìn àwọn ère yìí fún ayé ní ọdún 1933. Orúkọ rẹ̀ ni H. G. Ramshaw, alábẹ̀wò ilé-ẹ̀kọ́ fún ìjọ CMS. Nígbà tí ó bá wọn nínú igbó, kò mú òòlù láti fọ́ wọn. Ó sọ fún àwọn tí ó yẹ kí ó gbọ́. Ìyá náà gbọ́ àlàyé wa, ó sì bá wa wọ ọkọ̀.

Ohun tí ojú wa rí

Láti Ìlọrin, a gba Gánmọ̀ àti Ìdòfìán kọjá, a dé Àjàṣẹ́-Ìpo níbi tí ọ̀nà ti pín. A fi ọ̀nà Ọ̀fà sílẹ̀, a kọrí sí ọ̀nà Òmù-Àrán, a dé Òrò, láti ibẹ̀ ni a sì ti yà sí Èsìẹ́. Ẹni tí ó bá jí lọ ní àárọ̀ yóò ti padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Nígbà tí a wọlé, ariwo àwọn ọmọ dá wáí. Àwọn ère náà ju 800 lọ, wọ́n tò wọ́n bí ìjọ tí ó jókòó de oníwàásù. Òkúta kan tí ó rọ̀, tí ó sì ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ọṣẹ, ni wọ́n fi gbẹ́ wọn. Àwọn kan kéré tó ohun tí ọmọdé lè gbé dání, àwọn kan sì ga ju mítà kan lọ. Ọkùnrin wà níbẹ̀, obìnrin wà níbẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn jókòó lórí àpótí. Àwọn kan mú idà tàbí ọrun àti ọfà lọ́wọ́, àwọn kan ń lu ohun èlò orin. Wọ́n di irun wọn lóríṣiríṣi, wọ́n wọ ìlẹ̀kẹ̀, ilà sì wà lójú àwọn mìíràn. Èyí tí ó tóbi jù láàárín wọn ni wọ́n ń pè ní Ọba Ère. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ni orí wọn ti ya kúrò lọ́rùn.

Ta ni ó gbẹ́ wọn? Àwọn ará Èsìẹ́ fúnra wọn sọ pé àwọn bá wọn níbẹ̀ ni nígbà tí àwọn tẹ ìlú náà dó. Ìtàn ìlú ní àlejò ni wọ́n tẹ́lẹ̀, tí wọ́n ṣẹ̀, tí a sì sọ wọ́n di òkúta. Onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, Phillips Stevens, ṣe ìwádìí púpọ̀ lórí wọn, ó sì tẹ ìwé jáde ní ọdún 1978. Àwọn kan ní ọwọ́ Ifẹ̀ ni, àwọn kan ní ọwọ́ Nupe ni, àwọn kan dárúkọ Ọ̀yọ́ Ilé. Títí di òní, ẹnu àwọn ọ̀mọ̀wé kò kò.

Ìyá tí ẹ̀rù ń bà lẹ́ẹ̀kan dúró pẹ́ níwájú ère obìnrin kan. Ó ní, “Irun yìí! Irú rẹ̀ ni ìyá ìyá mi máa ń dì.” Ó bi ẹni tí ó ń mú wa káàkiri pé, “Kí ni orúkọ obìnrin yìí?”

Onítọ̀hún dáhùn pé, “Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Kò sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n mọ́.”

Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tí kò tíì ju ọdún mẹ́wàá lọ, gbójú sókè, ó ní, “Mọ́mì, kí ni orúkọ ìyá ìyá yín yẹn?”

Ìyá náà dákẹ́. Nígbà tí ó pẹ́, ó ní, “Ìyá Ọjà ni gbogbo wa ń pè é.”

Òkúta tí ó ní àkọlé

Ẹ jẹ́ kí a padà sí British Museum tí a fi bẹ̀rẹ̀. Òkúta dúdú kan wà níbẹ̀ tí Ọ̀gbẹ́ni Layard, ará Ìlú Ọba, hú jáde nínú ilẹ̀ Ásíríà ní ọdún 1846. Ọba Ṣalmanésérì kẹta ni ó ṣe é. Lára rẹ̀ ni wọ́n gbẹ́ ọkùnrin kan tí ó dojú bolẹ̀ níwájú ọba náà. Àkọlé tí ó wà lókè rẹ̀ sọ ẹni tí ó san ìṣákọ́lẹ̀: Jéhù ni, ọba Ísírẹ́lì tí a ń kà nípa rẹ̀ nínú Bíbélì. Nínú ilé yẹn kan náà ni àwòrán ogun Lákíṣì wà, èyí tí Sennakéríbù jà ní ọdún 701 kí a tó bí Olúwa wa, tí a sì mẹ́nu kàn nínú 2 Àwọn Ọba orí 18. Orúkọ ìlú náà wà lára òkúta.

Òkúta Ásíríà sùn nínú ilẹ̀ fún ju 2,400 ọdún lọ, síbẹ̀ nígbà tí ó jí, ó dárúkọ àwọn tí ó wà lára rẹ̀. Òkúta Èsìẹ́ kò sùn tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí ohun kan sọ. Kì í ṣe pé àwọn tiwa kò mọ iṣẹ́ ọnà. Ẹni tí ó bá wo ọwọ́ tí ó gbẹ́ irun wọ̀nyẹn yóò mọ̀ pé ọ̀gá ni. Ohun tí ó sọnù ni orúkọ. Kò sí àkọlé, ẹni tí ó sì yẹ kí ó fi ẹnu sọ ọ́ fún ọmọ rẹ̀ kò sí mọ́.

Olè pàápàá ń wá òkúta náà kiri. Ní ọdún 2000, ẹgbẹ́ àwọn mùsíọ́mù àgbáyé, ICOM, kọ ère Èsìẹ́ mọ́ àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ilẹ̀ Áfíríkà tí àwọn olè ń jí tà jù. Ohun tí àwa kò kà sí, àwọn ẹlòmíràn mọ iye rẹ̀.

Ohun tí ìdílé wa lè ṣe

Nínú ìwé Jóṣúà orí 4, òkúta méjìlá ni a gbé jáde láti inú odò Jọ́dánì. Ìdí rẹ̀ ni pé bí àwọn ọmọ bá bèèrè ohun tí òkúta náà jẹ́ lọ́jọ́ iwájú, kí àwọn baba lè dá wọn lóhùn. Ẹ kíyè sí i pé òkúta nìkan kò tó. Baba tí yóò dáhùn ni ó sọ òkúta di ìrántí.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, a bẹ̀ yín. Ní ìsinmi tí ó ń bọ̀, ẹ mú àwọn ọmọ yín dé Èsìẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n béèrè ìbéèrè. Bí ẹ bá sì padà dé ilé, ẹ mú ìwé kan, kí ẹ kọ orúkọ bàbá yín, ti ìyá yín, àti ti àwọn òbí wọn sí i: ìlú tí wọ́n ti wá, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe, bí wọ́n ṣe dé Ìlọrin. Ẹ kọ orúkọ sí ẹ̀yìn àwọn fọ́tò tí ó wà nínú àpótí. Bí àgbà kan bá ṣì wà láàyè ní agboolé yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí oṣù yìí kọjá kí ẹ tó lọ jókòó tì í.

Ní ọjọ́ Sunday tí ó tẹ̀lé ìrìn àjò náà, ìyá yẹn wá bá wa lẹ́yìn ìsìn. Ó ti ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nílé, ó sì ti gbọ́ orúkọ náà. Ọmọ rẹ̀ ti kọ ọ́ sínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Kí Olúwa má ṣe jẹ́ kí orúkọ rere parun nínú ilé wa. Àmín.