Ìrọbí Tó Pẹ́ Jù Ló Fà Á, Kì Í Ṣe Èpè

“Ẹ kú ewu ọmọ” ni Yorùbá ń kí abiyamọ, nítorí àwọn àgbà mọ̀ pé ewu ń bẹ nínú ìkúnlẹ̀. Ṣùgbọ́n ewu kan wà tí kì í pa obìnrin, ó kàn ń sọ ọ́ di ẹni tí ọkọ, orogún àti ọ̀rẹ́ ń sá fún ni. Ìtọ̀ a máa dà lára rẹ̀ tọ̀sán-tòru, nígbà mìíràn ìgbẹ́ pẹ̀lú. Bó ti wù kó fọṣọ tó, òórùn kò ní lọ. Fístúlà ni àwọn oníṣègùn ń pè é.

Bí ọ̀nà bá há mọ́ ọmọ, tí obìnrin sì rọbí fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, orí ọmọ yóò máa tẹ ẹran ara mọ́ egungun ìbàdí. Ẹ̀jẹ̀ kò ní dé ibẹ̀ mọ́. Ẹran náà yóò kú, yóò sì já bọ́, ihò yóò wá lu láàrin àpò ìtọ̀ àti ojú ara. Lọ́pọ̀ ìgbà, òkú ni ọmọ náà yóò jẹ́.

Lóòótọ́, ilé ìwòsàn jìnnà sí abúlé. Àmọ́ àwọn kan ṣì gbà pé obìnrin tí ìrọbí rẹ̀ bá pẹ́ ti yan àlè, wọn á ní kó jẹ́wọ́. Àwọn mìíràn ń gbàdúrà kí wọ́n má fi abẹ gbé ọmọ àwọn. Àkókò tí wọ́n fi ń ṣe èyí ni ẹran ara fi ń kú.

Ọmọ abúlé tí kò mọ̀wé ni Mamitu Gashe ní Ethiopia, nígbà tí irú ìrọbí bẹ́ẹ̀ bá a. Ní 1962, ó dé Addis Ababa, sọ́dọ̀ Catherine àti Reginald Hamlin, tọkọtaya dókítà tó dé síbẹ̀ ní 1959. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ó dúró tì wọ́n, ó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì aláìsàn. Díẹ̀díẹ̀ ló ń ràn wọ́n lọ́wọ́ nídìí iṣẹ́ abẹ, títí òun náà fi ń rán ihò fún àwọn obìnrin bíi tirẹ̀, tó sì ń kọ́ àwọn dókítà.

Ní Nàìjíríà, Kees Waaldijk, dókítà ará Netherlands, fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe iṣẹ́ yìí ní Katsina. Ó fi hàn pé bí wọ́n bá tètè ki rọ́bà tí ń fa ìtọ̀ bọ obìnrin, tí wọ́n sì fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ihò kékeré lè dí láìlo abẹ. Ìjọba àpapọ̀ ní ilé ìwòsàn fún àìsàn yìí ní Katsina, Abakaliki àti Ningi.

Nítorí náà, kí ọkọ àti ìyá ọkọ má dúró gbọ́ ìjẹ́wọ́ kankan. Bí ilẹ̀ bá ṣú tó tún mọ́ tí aboyún ṣì ń rọbí, ilé ìwòsàn ló kàn. Èyí tí ihò ti lu lára rẹ̀ ńkọ́? Kí wọ́n má lé e jáde. Ẹni tó yẹ kí wọ́n gbé lọ fún ìtọ́jú ni.