Orin àta, èèmọ́ àti ẹ̀jẹ̀ àbúrò mi

1/ Ìlaròó la ti dàgbà. Tí egungun bá ń ro àbúrò mi obìnrin lóru, tó ń ké, àwọn aládùúgbò á ní "fòníkú-fọ̀ladìde" ni. Mo kórìíra orúkọ yẹn gan-an. Ó ń dùn létí bíi pé wọ́n ti sin ín tán.

2/ Yunifásítì ni mo ti wá mọ ohun tó ń ṣe é. Púrótéènì kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa tó ń gbé atẹ́gùn káàkiri, hemoglobin ni. Ní ti SS, ojú kan péré ló yí padà lára rẹ̀. Tó bá ti já atẹ́gùn sílẹ̀, ojú yẹn á ki ara bọ ihò kan lára èkejì.

3/ Ẹ mọ èèmọ́ tó máa ń lẹ̀ mọ́ ṣòkòtò lójú ọ̀nà oko? Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Ọ̀kan á mú ọ̀kan, wọ́n á di okùn, hóró ẹ̀jẹ̀ á tẹ̀ bíi dòjé, á dí iṣan. Ìrora dé nìyẹn.

4/ Ṣé a lè fi nǹkan kékeré yà wọ́n? Ní 1971, Sofowora àti Isaacs ní Yunifásítì Ifẹ̀ kọ ọ́ pé omi gbòǹgbò orin àta ń dá hóró tó ti tẹ̀ padà sípò. Orin àta tí màmá àgbà fi ń rin ẹnu o! Ṣùgbọ́n inú ìgò yàtọ̀ sí inú èèyàn.

5/ Àwọn mìíràn gba ọ̀nà àwòrán. Max Perutz fi X-ray rí bí hemoglobin ṣe rí. Òun àti Kendrew gba Nobel ní 1962. Nígbà tó yá, àwọn kan wo irú àwòrán bẹ́ẹ̀, wọ́n ṣe voxelotor. Ó ń di atẹ́gùn mọ́ hemoglobin lára, torí èyí tó bá ṣì gbé atẹ́gùn dání kì í lẹ̀ mọ́ èkejì. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 2019.

6/ Inú mi dùn débi pé mo sọ fún àbúrò mi pé oògùn dé. Oṣù kẹsàn-án 2024, Pfizer kó o kúrò lọ́jà lágbàáyé: wọ́n ní ewu rẹ̀ ti ju àǹfààní rẹ̀ lọ.

7/ Ó bi mí pé, "Bọ̀dá mi, ṣé ó parí nìyẹn?" Mi ò lè purọ́ fún un. Mo ní oògùn yẹn ti lọ, àmọ́ a ti mọ ibi tí èèmọ́ yẹn ti ń mú ara wọn. Ẹnìkan ṣì máa wá nǹkan tó máa yà wọ́n.

8/ Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fẹ́ra, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ mọ genotype yín.