Eré Bàbá Tíṣà

Ní Kàbà tí wọ́n ti bí mi, "Okun" ni à bá fi kí yín. Òun ni a ń sọ fún ẹni tí ó ń ti oko bọ̀, òun náà ni a ń sọ fún ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, orúkọ ìkíni yìí ni ayé sì fi ń pè wá. Mo ti gbọ́ ọ lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà láti ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Tíṣà, ti papòdà. Ó lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Ọmọ sin ín, ọmọ-ọmọ sin ín. Àwọn àgbà sì ní ẹni ọmọ sin ni ó bímọ. Nítorí náà, n kò wá sunkún fún yín. Ọ̀rọ̀ kan ni ìsìnkú rẹ̀ fi sí mi lọ́kàn, ọ̀rọ̀ náà ni "eré".

Ẹni tí ó bá ń kọ́ èdè wa yóò ti ṣàkíyèsí pé eré tí àwọn ọmọdé ń ṣe lábẹ́ òṣùpá àti eré tí ènìyàn ń fi ẹsẹ̀ sá, ọ̀rọ̀ kan náà ni, ohùn kan náà. Sá eré ni ó di sáré. Ṣe eré ni ó di ṣeré. Iṣẹ́ ni ó dojú kọ eré. Bí ẹnì kan bá ń sáré ìje láìgba kọ́bọ̀, àwọn ará ilé yóò ní, "Eré ni ó ń ṣe." Gbólóhùn yìí lè jẹ́ ìyìn, ó sì lè jẹ́ ẹ̀gàn. Àárín méjèèjì ni Bàbá Tíṣà gbé títí ọjọ́ fi pẹ́.

Nígbà tí wọ́n bí i, ẹkùn Kàbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀ ni ìlú wa wà, lábẹ́ ìjọba Àríwá. Ní ọdún 1967, wọ́n pín wa sí ìpínlẹ̀ tí a wá mọ̀ sí Kwara. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1991, wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Kogi sílẹ̀, a sì di ará ibẹ̀. Bàbá kò kó kúrò nínú ilé rẹ̀ rí, síbẹ̀ ìjọba mẹ́ta ni ó jọba lé e lórí. Bí ìwé kankan bá wà tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí gẹ́gẹ́ bí eléré, n kò mọ èyí tí ó tẹ̀ lé e láti ọwọ́ ìjọba kan dé òmíràn.

Ilé-ìwé ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ní ayẹyẹ ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún tí gbogbo ilé-ìwé máa ń ṣe nígbà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ẹsẹ̀ lásán ni ó fi ń sáré, ẹsẹ̀ lásán ni ó fi ń fò jìnnà. Nígbà tí òun náà di olùkọ́, a máa fi eérú fa ìlà sórí pápá láàárọ̀ kùtù, lẹ́yìn tí ó bá ti ti oko dé. Ìtàn tí ó fẹ́ràn jù lọ ni ti Vancouver ní ọdún 1954, nígbà tí Emmanuel Ifeajuna gba wúrà nínú fífò sókè, tí ó jẹ́ pé bàtà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni ó wọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí Bàbá fi ṣe àwòkọ́ṣe ni Karim Olowu, ẹni tí ó gba fàdákà nínú fífò jìnnà níbẹ̀, tí ó tún bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́ta gba fàdákà nínú eré ìfigigbága. "Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni," Bàbá a máa wí, "ẹ̀yin tí ẹ kò tíì pé ogún sì ń sọ pé ó ti rẹ̀ yín!"

Bàbá náà rí àyè tirẹ̀. Wọ́n yàn án láti lọ díje ní Kàdúná. Ohun tí ó sọ fún wa ni pé ìyàwó òun wà nínú oyún, owó ilé-ìwé àwọn àbúrò òun sì wà nílẹ̀, òun kò lọ. Yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní, "Eré mà ni." A gbà á bẹ́ẹ̀. Nínú ìwé ètò ìsìnkú rẹ̀, ìlà kan péré ni a kọ: ó fẹ́ràn eré ìdárayá.

Ìyá ni ó sọ ìyókù fún wa, lẹ́yìn tí àlejò ti lọ tán. Ó ní Bàbá ti ta iṣu, ó sì ti fi owó rẹ̀ ra bàtà kánfáàsì fún ìrìn àjò náà. Nígbà tí kò lọ mọ́, ó fi ìwé wé e, ó sì fi há àjà. Kò wọ̀ ọ́, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ̀ ọ́. "Eku ni ó jẹ ẹ́ tán," ni Ìyá wí. "Ẹ̀yin ni ó sọ fún pé eré ni. Kò sọ bẹ́ẹ̀ fún èmi rí."

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí títí. Olowu tí wọ́n bí ní ọdún 1924 wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣojú Nàìjíríà ní Ìdíje Òlíḿpíìkì, ní Helsinki ní 1952. Ó tún lọ sí Melbourne ní 1956. Ní ọdún 2019 ni ó tó kú, ẹni àádọ́rùn-ún ọdún ó lé márùn-ún. Òfin ìgbà náà kò gbà kí ẹni tí ń fi eré sísá gbowó díje níbẹ̀. Nítorí náà, aláìgbowó ni òun náà, gẹ́gẹ́ bíi Bàbá. Ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ gba ti Olowu dúró. Ẹnu Ìyá nìkan ni ó gba ti Bàbá dúró.

N kò sọ pé ì bá gba àmì ẹ̀yẹ kankan ní Kàdúná. Ó ṣeé ṣe kí ó gbẹ̀yìn. Ohun tí mo ń sọ ni pé ohun tí ènìyàn fi sílẹ̀ nítorí ìdílé rẹ̀ ní ìwọ̀n, bí a bá sì pè é ní eré, a ti dín ìwọ̀n rẹ̀ kù. Ọmọ tí ó wà nínú oyún nígbà náà ni ó ṣáájú wa lọ sí ibojì. Òun náà ti di arúgbó, kò sì mọ̀ nípa bàtà náà títí di alẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ní àgbàlagbà nílé, tí ẹ gbọ́ pé ó ti gbá bọ́ọ̀lù rí, tàbí pé ó ti ja ẹ̀kẹ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bi í léèrè, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ìyàwó rẹ̀ bá wà láàyè, ẹ bi òun náà léèrè lọ́tọ̀.