Ohun Tí Mo Bá ní Ẹ̀ka Pàjáwìrì Nígbà Tí Mo Ṣẹ̀ṣẹ̀ Di Dókítà

Ẹ̀yin òbí wa, ẹni tó bá ti gbé aláìsàn dé ẹ̀ka pàjáwìrì rí lóru á ti rí irú wa níbẹ̀, dókítà kékeré tójú rẹ̀ pọ́n fún àìsùn. Lẹ́yìn tí èèyàn bá jáde nílé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn, ó gbọ́dọ̀ fi ọdún kan ṣiṣẹ́ lábẹ́ àwọn ọ̀gá kó tó gba ìwé àṣẹ ní kíkún. Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta la fi ń yí ká: ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú àgbà láìlo ọ̀bẹ, ọ̀dọ̀ àwọn oníṣẹ́ abẹ, ọ̀dọ̀ àwọn ọmọdé, àti ọ̀dọ̀ àwọn aboyún. Kò síbi tí wọn kì í ti í rán wa lọ sí pàjáwìrì.

Mi ò mọ ibi tí wọ́n ń kó abẹ́rẹ́ sí, mi ò mọ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì ló fà mí lọ́wọ́. Wọ́n kọ́ mi pé ẹni tó ń pariwo ṣì lè dúró díẹ̀, ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́ ni kí n sáré bá. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó dé lẹ́yìn yín fi ń wọlé ṣáájú yín nígbà míì. Mi ò ní í purọ́ pé ojúsàájú kò sí rárá, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, bí ewu bá ṣe tó la fi ń tò yín.

Ojú kékeré mi tún wá jẹ́ wàhálà. Bí mo bá ti nawọ́ sí aláìsàn, ẹnìkan á ní, "Ọmọ mi, lọ bá wa pe dókítà wá." Màá kúnlẹ̀, màá ní, "Ẹ má bínú mà, èmi ni dókítà."

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta mi, ní nǹkan bí aago 11 alẹ́, ìdílé kan gbé màmá wọn wọlé. Màmá ti lé lẹ́ni ọdún 70, wọ́n ti dákú, òógùn bò wọ́n. Ọmọ kan ní rọpárọsẹ̀ ni, èkejì ní àwọn ayé ni. Sístà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ bi wọ́n bóyá màmá ní ìtọ̀ ṣúgà. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Kí n tó yíjú, ó ti gún màmá lábẹ́rẹ́ lọ́mọ ìka, ó na ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ṣúgà sí mi: 31. Ẹni tí tirẹ̀ bá ti wálẹ̀ ju 70 lọ, ó ti kéré jù nìyẹn. A fa omi ṣúgà sí màmá nínú iṣan. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí màmá fi lajú, tí wọ́n bi mí pé ọmọ ta ni mí.

Ibẹ̀ gan-an ni ìjà ti dé. Àkọ́bí wọn ní ká yọ omi náà, àwọn fẹ́ máa gbé ìyá àwọn lọ, ṣebí ara ti yá. Mo ṣàlàyé pé oògùn tí màmá ń lò máa ń pẹ́ lára, pàápàá lára àgbà tí kíndìnrín rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára mọ́, pé ṣúgà tó gòkè yìí tún lè já lójú oorun. Wọ́n kọ̀. Mo pe ọ̀gá mi lórí fóònù, òun náà bẹ̀ wọ́n. Wọ́n gbà, wọ́n ń kùn. Ní aago mẹ́ta òru, a tún wọn ṣúgà màmá: 46. Jẹ́ẹ́ ni wọ́n ń sùn.

Lówùúrọ̀, ọmọ wọn obìnrin kó àpò oògùn dé. Daonil wà níbẹ̀, glibenclamide wà níbẹ̀, ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti gbà á. Oògùn kan náà ni, orúkọ ló yàtọ̀. Màmá sì ń lo méjèèjì pọ̀, láìrí oúnjẹ jẹ nítorí ibà. Ọjọ́ méjì ni wọ́n lò lọ́dọ̀ wa kí wọ́n tó lọ sílé.

Láti ìgbà náà, n kì í jẹ́ kí ìdílé jókòó tán kí n tó bi wọ́n pé, "Ìgbà wo ló jẹun kẹ́yìn? Àpò oògùn rẹ̀ dà?" Bí òbí yín tó ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà bá ń gbọ̀n, tó ń làágùn, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì jọra wọn, tó bá ṣì lè gbé nǹkan mì, ẹ fún un ní ṣúgà tàbí ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa gbé e bọ̀. Bó bá ti dákú, ẹ má da ohunkóhun sí i lẹ́nu. Ẹ tètè gbé e wá, kẹ́ ẹ kó gbogbo oògùn rẹ̀ dání, tòun ti páálí.