Ọjọ́ Tí A Lọ Wo Ẹyẹ Ní Adágún Ẹlẹ́yẹlé

 

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó máa ń ka Súrà Mulk kí a tó sùn. Nínú Súrà náà ni Ọlọ́run Allah ti pè wá pé kí a wo àwọn ẹyẹ tí ń fò lókè orí wa. Èmi tí mo jẹ́ ládàánì, tí mo sì ti lé ní ogójì ọdún, ẹnu lásán ni mo fi ń kà á. N kò gbójú sókè wo ẹyẹ rí, àfi bí àṣá bá fẹ́ gbé òròmọdìẹ wa.

Olùkọ́ kan tí ó máa ń kírun ní mọ́sálásí wa ni ó là mí lójú. Ó ní kí èmi àti ará ilé mi bá òun lọ sí adágún Ẹlẹ́yẹlé, níhìn-ín ní Ìbàdàn, ní àárọ̀ Sátidé, kí a lọ wo ẹyẹ. Ìyá àwọn ọmọ mi rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá wọn, ẹyẹ tí a kò ní sè?" Síbẹ̀ ó din àkàrà dání. Lẹ́yìn ìrun Àsúbá a gbéra, a wọ ọkọ̀ ní Dùgbẹ̀.

Adágún yìí kì í ṣe ti ìgbà ìwáṣẹ̀. Odò Ọ̀nà ni ìjọba sé ní 1942 kí ará Ìbàdàn lè rí omi ẹ̀rọ mu. Nígbà tí omi náà dúró, ojúoró àti ọ̀ṣíbàtà hù sí i, ẹja pọ̀ níbẹ̀, àwọn ẹyẹ sì tọ oúnjẹ wá.

Bí a ti débẹ̀, ọmọ mi obìnrin kékeré ní, "Bàbá mi, àwọn ẹyẹlé dà?" Orúkọ ibẹ̀ ni ó tàn án jẹ. Àwa kò rí ẹyẹlé kan. Ẹyẹ dúdú kan ni a kọ́kọ́ rí lórí kùkùté, ó na ìyẹ́ rẹ̀ méjèèjì bí aṣọ tí a sá sóòrùn. Olùkọ́ ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mòòkùn wá ẹja ni, omi a sì máa wọ ìyẹ́ rẹ̀, ìdí nìyí tí ó fi ń sá a.

Lórí igi kan létí omi, àwọn ẹ̀gà ń pariwo bí ọjà Ọjẹ́. Akọ ẹ̀gà ni ó ń hun ilé. Abo yóò wá yẹ̀ ẹ́ wò. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kò ní wọ̀ ọ́, akọ yóò sì tú u palẹ̀, yóò tún òmíràn hun. Ìyá àwọn ọmọ mi kò sọ̀rọ̀. Ó kàn wò mí ni, mo sì rántí òrùlé yàrá rẹ̀ tí ó ti ń jò láti èṣí.

Olùkọ́ wá gbé awò tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn lé mi lọ́wọ́. Mo rí ẹyẹ kan tí ń rìn lórí ewé ọ̀ṣíbàtà, tí kò sì rì. Ara rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú, ọrùn rẹ̀ funfun níwájú, iwájú orí rẹ̀ sì dà bí aró tí a bu omi là. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn púpọ̀; òun ni kò jẹ́ kí ewé náà tẹ̀ wọmi. Jakáánà ni àwọn onímọ̀ ẹyẹ ń pè é. Bí mo ti ń wò ó, mo rí ẹsẹ̀ tín-tìn-tín mẹ́rin tí ń rọ̀ lábẹ́ ìyẹ́ rẹ̀.

Mo ní, "Ẹsẹ̀ mélòó ni ẹyẹ yìí ní ná?"

Olùkọ́ dáhùn pé, "Àwọn ọmọ rẹ̀ ni ó kó sí abíyá, akọ sì ni. Bí abo bá ti yé ẹyin tán, ó parí fún un. Baba ni ń sàba, baba ni ń tọ́ ọmọ, baba náà ni ń kó wọn sí abíyá bí ewu bá dé."

Àṣé ewu ti dé lóòótọ́. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ni ewu náà. Ó ti fi rọ́bà tí wọ́n fi ń ta ẹyẹ pamọ́ sí àpò wá, ó ti ki òkúta sí i, ó ń fà á. Mo gbá a lọ́wọ́ mú. Òkúta bọ́ sómi, ẹyẹ náà sì sá wọ inú koríko. Mo gbé ọwọ́ sókè láti nà án, ni ó bá ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, Bàbá Àgbà sọ pé ẹ̀yin náà máa ń ta ẹyẹ."

Ìyá rẹ̀ wò mí. Olùkọ́ náà wò mí.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, òótọ́ ni ọmọ náà sọ. Nígbà tí mo wà ní ilé-kéwú, mo ta àdàbà kan lórí ìtẹ́ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ méjì ya ẹnu sílẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, kò sì sí ẹni tí ó fún wọn ní oúnjẹ. Mo sọ ọ́ fún un bẹ́ẹ̀ gan-an, níwájú ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo sọ ìtàn kan tí ó wà nínú hádíìsì fún un: àwọn sàhábé kan kó ọmọ ẹyẹ, ìyá ẹyẹ náà sì ń fò yí wọn ká, Ànọ́bì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, béèrè ẹni tí ó bà á nínú jẹ́, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n dá àwọn ọmọ rẹ̀ padà fún un.

Ọmọ náà kò fèsì. Ó ká rọ́bà rẹ̀, ó gbé e fún ìyá rẹ̀ pé kí ó bá òun fi pamọ́. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó na ọwọ́ sí awò náà, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ títí a fi ń lọ sílé.

Bí ẹ̀yin náà bá fẹ́ lọ, ẹ tètè jí, nítorí bí oòrùn bá ti mú, àwọn ẹyẹ á sá sí ibòji. Ẹ má wọ aṣọ tí ń dán, ẹ má sọ̀rọ̀ sókè. Ẹ di àwọn ọmọdé lọ́wọ́ mú gidi, omi náà jìn. Ọ̀rá tí ẹ bá fi di oúnjẹ, ẹ kó o padà wálé. Kí ẹ tó jáde, ẹ̀yin ìyá, ẹ yẹ àpò àwọn ọmọ wò.

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ń ka Súrà Mulk, mo máa ń rí ẹsẹ̀ tín-tìn-tín mẹ́rin náà lábẹ́ ìyẹ́ baba wọn. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè ni mo sì pe káfíńtà wá sí orí òrùlé.

Ó dìgbà kan ná.