Ìjàpá Kò Jẹ̀bi

Bí ènìyàn bá dárúkọ ọkọ̀ Jámánì tó ti pẹ́ ládùúgbò wa, ohun tí yóò kọ́kọ́ gbọ́ ni pé, “Ó ń jẹ owó,” tàbí “Ilé mẹkáníìkì ló ń sùn.” Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ tí mo fẹ́ gbèjà rẹ̀ ni Volkswagen tí a ń pè ní Ìjàpá nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ tó rí roboto.

Ìjàpá kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ wa. Ní 1975, iléeṣẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í to Volkswagen lójú ọ̀nà Badagry l'Ékòó, Ìjàpá sì wà lára àwọn tí wọ́n ń tò. Káàkiri àgbáyé, èyí tí wọ́n ṣe lé ní mílíọ̀nù 21 kí èyí tó kẹ́yìn tó jáde ní Mẹ́síkò ní 2003.

Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, atẹ́gùn ló sì ń tù ú. Kò ní omi tí yóò hó tàbí tí yóò jò. Ṣùgbọ́n ọ́ìlì inú rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ méjì: ó ń mú kí irin yọ̀ lára irin, ó tún ń gbé ooru kúrò. Ẹni tí kò bá pààrọ̀ rẹ̀ lásìkò ń pa ẹ́ńjìnnì náà díẹ̀díẹ̀ ni. Rọ́bà tó ń gbé epo náà ńkọ́? Bó bá gbó, epo lè kán sórí irin gbígbóná, kí iná sì sọ. Rọ́bà tí kò wọ́n la kò pààrọ̀, orúkọ ọkọ̀ ló bàjẹ́.

Lọ́dún tó kọjá, bàbá kékeré ní kí á ta Ìjàpá bàbá àgbà fún àwọn tó ń ra irin àlòkù, kí á fi owó rẹ̀ kún owó ìdánwò WAEC mi. Ọ̀rọ̀ náà kàn mí, nítorí owó kò tó nílé. Bàbá àgbà, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, kò jiyàn. Wọ́n gbé ìwé kan jáde, níbi tí wọ́n ti ń kọ gbogbo ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì láti ìgbà tí wọ́n ti rà á. Wọ́n ní, “Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.” Mo bẹ bàbá kékeré pé kí wọ́n má tà á. Àjọ tí ìyá mi kó ni wọ́n fi san owó ìdánwò náà. Láti ìgbà náà, èmi ni mò ń kọ ìwé yẹn ní gbogbo ìgbà tí a bá tún ọkọ̀ náà ṣe.

N kò sọ pé kò ní àléébù. Ọkọ̀ àtijọ́ ni, kò ní ẹ̀rọ amúlétutù, a kì í sì í gbé e lọ sójú ọ̀nà márosẹ̀. Ọjà àti ilé ìjọsìn ló ń gbé bàbá àgbà lọ, ó sì ń gbé wọn padà.

Nítorí náà, ẹ̀yin òǹkàwé, bí ẹnikẹ́ni bá ń bú ọkọ̀ tó ti dàgbà létí yín, ẹ kọ́kọ́ bi í pé: ìgbà wo lo pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ kẹ́yìn?