Àtúnṣe Kì Í Ṣe Ẹ̀bẹ̀

Ọ̀rọ̀ kan tí a máa ń lò láìbìkítà nídìí iṣẹ́ ìwé ìròyìn ni mo fẹ́ yẹ̀ wò pẹ̀lú yín lónìí. Ọ̀rọ̀ náà ni àtúnṣe. Nínú èdè wa, ohun tí ó bàjẹ́ ni à ń tún ṣe. Ẹni tí inú ń bí ni à ń bẹ̀ ní tirẹ̀, yálà nǹkan kan bàjẹ́ tàbí kò bàjẹ́. Olóòtú tí kò bá mọ ìyàtọ̀ tó wà láàrin méjèèjì yóò máa bẹ àwọn alágbára, yóò sì máa fi àṣìṣe sílẹ̀ láìtún un ṣe fún àwọn tí kò lágbára.

Kí n tó padà sí ilé ẹ̀kọ́ gíga láti kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, mo ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn Yorùbá kan ní ìlú Ìbàdàn. Ọdún 2003 ni mo débẹ̀, èmi sì ni mo ń tú lẹ́tà àwọn òǹkàwé. Ẹnìkan yóò ní a ti fi orúkọ ìyàwó kékeré ṣáájú ti ìyálé nínú ìkéde òkú. Ẹlòmíràn yóò bínú pé a pe ọba ìlú òun ní baálẹ̀. Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì a máa fi yíǹkì pupa sàmì sí gbogbo ojú ewé, a sì dá ìwé ìròyìn náà padà sí wa lóṣooṣù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò fi ọ̀rọ̀ dídùn bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n olóòtú wa kò gbà kí a pa ọ̀kankan tì láìkà á dé ìsàlẹ̀.

Èyí tí n kò lè gbàgbé wá láti ọ̀dọ̀ bàbá àgbàlagbà kan. Ilé Ọlọ́ṣọ̀ọ́ ni orúkọ agboolé rẹ̀, ilé àwọn tí ọ̀ṣọ́ yẹ. Ẹni tó tẹ ìròyìn náà sínú kọ̀ǹpútà kò fi àmì sí abẹ́ ọ, ó sì di Ilé Oloṣó. Bàbá náà kọ̀wé pé wọ́n ti ń pe àwọn ọmọ-ọmọ òun ní ọmọ oṣó nílé ìwé. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Nítorí náà olóòtú rán ènìyàn lọ sí agboolé náà láti wádìí. Nígbà tí ó rí i pé òótọ́ ni, ó tẹ orúkọ náà pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀ sí ojú ewé kan náà tí àṣìṣe ti wáyé, kì í ṣe sí kọ̀rọ̀ ojú ewé tó kẹ́yìn. Àtúnṣe nìyẹn.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, a gbé ìròyìn jáde nípa agbaṣẹ́ṣe kan tó gba owó ọ̀nà tí kò sì la ọ̀nà. Ọkùnrin yìí ń ra odidi ojú ewé kan lọ́wọ́ wa lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ìpolówó ọjà. Alága iléeṣẹ́ wa, ẹni tó ni owó tí a fi ń ṣiṣẹ́, ránṣẹ́ pe olóòtú, ó ní kí a ṣe àtúnṣe.

Olóòtú dọ̀bálẹ̀ kí i tán, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, gbólóhùn wo ni kì í ṣe òótọ́ níbẹ̀?"

Alága ní òun kò sọ pé irọ́ ni. Kí a ṣáà wá nǹkan fi tu ọkùnrin náà nínú. Olóòtú dáhùn pé a lè fún un láyè kí ó fèsì, kí ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n òun kò lè tún ohun tí kò bàjẹ́ ṣe.

Ìpolówó náà bọ́ lọ́wọ́ wa. Owó oṣù wa fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà pẹ́. Àwọn kan láàrin wa bínú sí olóòtú, n kò sì dá wọn lẹ́bi, nítorí ilé ìwé kò ní dúró de owó oṣù bàbá kí wọ́n tó lé ọmọ wálé. Yorùbá ní ẹnu tó bá jẹ dòdò kò lè sọ òdodo. Ohun tí òwe náà kò fi kún un ni pé ebi a máa pa ẹnu tí ó kọ dòdò.

Ohun tó jọ èyí ti ṣẹlẹ̀ ní gbangba ní oṣù kẹrin ọdún 1992. African Concord, ìwé ìròyìn Olóyè M.K.O. Abíọ́lá, gbé ìròyìn kan jáde tó béèrè bóyá ọ̀ràn orílẹ̀-èdè ti sú Ọ̀gágun Ibrahim Babangida. Ìjọba ológun ti iléeṣẹ́ Concord pa. Abíọ́lá tọrọ àforíjì kí wọ́n lè ṣí i, ó sì ní kí olóòtú, Báyọ̀ Ọ̀nànúgà, náà bẹ̀bẹ̀. Ọ̀nànúgà kọ̀, ó sì kọ̀wé fipò sílẹ̀. Dàpọ̀ Ọlọ́runyọmí, Kúnlé Àjìbádé, Fẹ́mi Òjúdù àti àwọn mìíràn tẹ̀lé e. Ní ọdún 1993, wọ́n dá TheNEWS sílẹ̀.

Kí a má tètè dá Abíọ́lá lẹ́bi: ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ni wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ síta lọ́jọ́ náà, oúnjẹ wọn sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Babangida fagi lé ìdìbò ọjọ́ kejìlá oṣù kẹfà ọdún 1993, èyí tí Abíọ́lá jáwé olúborí nínú rẹ̀, TheNEWS àti Tempo, ìwé ìròyìn kejì tí wọ́n dá sílẹ̀ nígbà tí ìjọba fòfin de ti àkọ́kọ́, wà lára àwọn tó kọ̀ láti dákẹ́. Àwọn tí kò gbà láti bẹ̀bẹ̀ nítorí rẹ̀ ni wọ́n wá ń jà fún ẹ̀tọ́ rẹ̀.

Èmi kò sọ pé òǹkàwé ni ó máa ń jàre nígbà gbogbo. Ará ìlú kan náà ti kọ̀wé sí wa rí pé kí a kó ọ̀rọ̀ wa jẹ lórí ẹjọ́ oyè kan tí adájọ́ ti dá, nítorí pé ìdájọ́ náà kò tẹ́ wọn lọ́rùn. Ìbéèrè kan náà ni olóòtú bi wọ́n: gbólóhùn wo ni kì í ṣe òótọ́? Bí alága bá sì fi àṣìṣe gidi hàn wá, kíákíá ni a ó tún un ṣe.

Nítorí náà, nígbà mìíràn tí ẹ bá ka ìwé ìròyìn tó ń tọrọ àforíjì, ẹ wò ó bóyá ó sọ ohun tí ó ṣì kọ àti bí ó ṣe yẹ kó rí. Bí ẹ kò bá rí i níbẹ̀, a jẹ́ pé ẹ̀bẹ̀ ni. Kí ẹ wá béèrè ẹni tí wọ́n ń bẹ̀.

Ire o.